Ẹ wo òǹtẹ̀, ẹ má wo orúkọ

Bí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù yín bá ti pa á tì, tí ẹ wá ń gba update lọ́dọ̀ ẹlòmíì, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe olè lẹ ṣílẹ̀kùn fún? Ìtàn kan ló jẹ́ kó yé mi.

Ní 2009, Steve Kondik, ará Amẹ́ríkà, tún Android ṣe fún fóònù HTC Dream, ó pè é ní CyanogenMod. Kóòdù Android wà ní gbangba, nítorí náà àwọn ẹlòmíì dara pọ̀ mọ́ ọn, fóònù tó ti gbó sì ń rí Android tuntun gbà. Ìgbà tó yá, ó di iléeṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2016, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun máa ti àwọn sáfà tí update ń gbà wá pa. Kíá làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ dá LineageOS sílẹ̀.

Kóòdù kan náà ni, síbẹ̀ ẹ kò lè kàn gbé tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ìdí ni pé kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ sára ROM, LineageOS sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ rò ó bí àrokò: àmì ni ẹ máa wò, kì í ṣe ẹnu ìránṣẹ́. Wọ́n ní láti ṣe ẹ̀dà pàtàkì kan tí àwọn èèyàn máa gbà kọjá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn á nu fóònù rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2020, àwọn olè wọ sáfà LineageOS. Ihò kan nínú Salt, ètò tó ń darí sáfà, ni wọ́n gbà wọlé. Àtúnṣe ihò náà sì ti jáde ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú! Ṣùgbọ́n LineageOS ní wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ òǹtẹ̀ mú, torí ibòmíì ló wà.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gba sáfà lè pààrọ̀ fáìlì, kó sì pààrọ̀ nọ́ńbà SHA-256 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lè lu òǹtẹ̀ láìní kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, bí recovery bá sọ fún yín pé òǹtẹ̀ kò bára mu, ẹ má kàn tẹ "Yes." Ó lè jẹ́ áàpù Google tẹ́ ẹ fúnra yín ń fi sí i ló fà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ROM gan-an ni, ẹ dúró.