YÓGỌ́Ọ̀TÌ GÍRÍÌKÌ: TA NI Ó NI ORÚKỌ, TA NI Ó NI IṢẸ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fi òwe yìí wo yógọ́ọ̀tì kíki tí gbogbo ayé ń pè ní ti Gíríìkì, a ó rí i pé ilé tí ó ti jáde pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Láti inú èdè àwọn Tọ́kì ni orúkọ náà, yógọ́ọ̀tì, ti wá. Mahmud al-Kashgari ti kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1072 sí 1077. Èyí tí ó ki náà kò sí ní ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Süzme ni àwọn Tọ́kì ń pè é, straggisto ni àwọn Gíríìkì ń pè é. ‘Èyí tí a sẹ́’ sì ni ìtumọ̀ orúkọ méjèèjì. Labneh ni ti àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà.

Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí kò fara sin. Mílíìkì kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, ṣùgbọ́n bí ó bá kan, tí a sì ro omi rẹ̀ dànù, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Nínú ilé, wọn a gbé mílíìkì kaná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, wọn a sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọn a wá po ṣíbí yógọ́ọ̀tì àná kan mọ́ ọn, wọn a fi aṣọ bò ó fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ó bá ti dì, wọn a dà á sínú aṣọ funfun mímọ́, wọn a so ó rọ̀ kí omi rẹ̀ lè máa kán, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ògì inú àpò. Ìwọ̀n mílíìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń di ìwọ̀n kan péré.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dé bá iṣẹ́ yìí. Ní 1905, Stamen Grigorov, ọmọ Bọ̀gáríà, rí kòkòrò àìfojúrí tí ń mú mílíìkì kan. Metchnikoff, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908 fún iṣẹ́ mìíràn, kéde pé irú mílíìkì kíkan bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀mí gùn. Ní 1919, Isaac Carasso dá Danone sílẹ̀ ní Barcelona. Ní 1926, ìdílé Filippou ṣí ìsọ̀ mílíìkì ní Áténì. Láti inú rẹ̀ ni Fage ti jáde.

Ìgbà tí owó wọ inú ọ̀rọ̀ ni ìjà orúkọ dé. Hamdi Ulukaya, tí a bí ní ilẹ̀ Tọ́kì, ra ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì ní 2005. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta yógọ́ọ̀tì Chobani ní 2007. Nígbà tí Chobani gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ ‘yógọ́ọ̀tì Gíríìkì’, Fage pè é lẹ́jọ́. Ní 2013, adájọ́ dá Fage láre: ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé ilẹ̀ Gíríìsì ni ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ọwọ́ sí i ní 2014. Báyìí ni ọmọ ilẹ̀ tí ó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an ṣe pàdánù ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ tà á.

Ẹjọ́ lè parí ìjà àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ẹni tí ó kọ́kọ́ so aṣọ náà rọ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́ kò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Oje ewé bọmubọmu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì, inú agbọ̀n kéékèèké ni wọ́n sì ti ń ro omi rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbé e wá sí ọjà Ìlọrin àti Ṣakí. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rọ ọ́ sínú ike ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, kò sì ní wo ilé kankan kí ó tó sọ ọ́.