Ta Ló Ni Búrẹ́dì Àgégé?

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri Ìkẹjà àti Àgégé láti wá jẹun: "Shackleford, ará Jàmáíkà, ló dá búrẹ́dì Àgégé sílẹ̀." Àwọn àlejò ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Amos Shackleford kì í ṣe ẹni à ń fojú rénà. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Nàìjíríà ní 1913. Ó bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì ní 1921, ó sì rọ́wọ́ mú débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n Èbúté-Mẹ́ta ló ti ń ṣe tirẹ̀. Àwọn Sàró àti Àgùdà sì ti ń yan búrẹ́dì l'Ékòó kó tó gúnlẹ̀.

Ẹ̀rọ ni kò sẹ́ni tó ń dárúkọ. Ẹ wọ ilé búrẹ́dì kan ní Àgégé lóru, kí ẹ wo ẹni tó dúró nídìí irin róbótó méjì tó ń yí. Fùláwà tí wọ́n pò náà le, omi rẹ̀ ò pọ̀. Yóò tì í bọ àárín irin, yóò jáde ní pẹlẹbẹ. Yóò ṣẹ́ ẹ po, yóò tún tì í bọ̀ ọ́, léraléra, títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán bí aṣọ ṣẹ́dà. Iṣẹ́ yìí ló ń mú kí inú búrẹ́dì náà kì, kó sì máa fà bí a bá fọwọ́ ya á. Ẹ fún un mọ́wọ́, yóò tún gbéra padà. Peter Kilby ti kọ odidi ìwé lórí òwò búrẹ́dì Nàìjíríà láti 1965, kò sì gbójú fo ẹ̀rọ náà. Kí ló dé táwọn tó ń tún ìtàn yìí sọ kò kà á?

Ta wá ni ó kọ́kọ́ gbé irú irin bẹ́ẹ̀ dé Àgégé? Ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kan tó gba ìyọ̀ǹda kúrò ní Èbúté-Mẹ́ta. Ojú irin tó ti Ìddó lọ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba Àgégé kọjá. Bóyá àwọn tó ń kiri fún èrò inú rélùwéè ló gbé orúkọ búrẹ́dì Àgégé dé òkè. Tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, tí wọ́n ń fi í jẹ ẹ̀wà àgànyìn láàárọ̀ kí wọ́n lè dúró dìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin tí òbí yín ti ti fùláwà bọ irin rí l'Ágégé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.