Ilé Àlejò Timberline: Ta Ló Yàwòrán Rẹ̀ Gan-an?

Ohùn ò ṣọ̀kan lórí ẹni tó yàwòrán Timberline Lodge, ilé àlejò onípákó tó wà lára òkè Mount Hood ní ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà. Ìwé kan á ní Gilbert Stanley Underwood ni. Òmíràn á ní àwọn òṣìṣẹ́ Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ni. Ìdí nìyí tí mo fi kó ohun tó fọ́n káàkiri jọ síbí.

Old Faithful Inn ti Robert Reamer, tí wọ́n fi ìtì igi páìnì kọ́ ní Yellowstone ní 1903 sí 1904, ló lànà fún irú ilé yìí. Underwood náà kọ́ Ahwahnee ní Yosemite ní 1927, ṣùgbọ́n ẹni bá fọwọ́ kan ara ilé yẹn á rí i pé pákó ibẹ̀ kì í ṣe pákó. Kọnkéré ni. Pákó tí wọn ò fá ni wọ́n dà á sí, kí ojú igi lè hàn lára rẹ̀, wọ́n wá kùn ún bí igi redwood. Ìbẹ̀rù iná ló fà á.

Timberline ò ṣe irú àrékérekè bẹ́ẹ̀. Àsìkò tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ni, àjọ WPA, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti pèsè iṣẹ́, sì ń wá ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní June 1936, ní nǹkan bí 6,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Ààrẹ Roosevelt wá ṣí i ní September 28, 1937. Àwòrán àkọ́kọ́ tí Underwood fi ránṣẹ́ ní gbọ̀ngàn àárín tó ní igun mẹ́jọ. Tim Turner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Forest Service sọ ọ́ di igun mẹ́fà, wọ́n sì fún un ní òrùlé ṣóńṣó bí orí òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta òkè náà ni wọ́n fi mọ ìsàlẹ̀, pákó ló wà lókè, tó fi jẹ́ pé bí yìnyín bá bo gbogbo rẹ̀, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ibi tí òkè parí sí. Lójú tèmi, Underwood dá àbá. Àwọn Turner ló ya ilé.

Ẹ wọ inú gbọ̀ngàn. Òpó páìnì ńláńlá mẹ́fà ló yí ihò èéfín olókùúta ká, èyí tó ga ju 90 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọwọ́ ni Henry Steiner fi gbẹ́ àwọn òpó náà, ojú irinṣẹ́ ṣì wà lára wọn. Irin ojú ọ̀nà réluwéè ni àwọn alágbẹ̀dẹ tẹ̀ láti fi gbé igi ìdáná nínú ààrò. Òpó wáyà tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ di òpó àtẹ̀gùn, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti ẹranko sí i lórí. Margery Hoffman Smith, tó ṣètò inú ilé, ní kí wọ́n fi àkísà bùláńkẹ́ẹ̀tì hun ẹní ilẹ̀.

Àwọn tó ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fíìmù The Shining, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìta nìkan ni wọ́n yà.

Gbèsè ti ilé náà pa ní 1955, kí Richard Kohnstamm tó gba àkóso rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1977. Ní April 2024, iná mú òrùlé rẹ̀. Ẹta iná láti inú ààrò ni wọ́n fura sí. Wọ́n tètè pa á. Grand Canyon Lodge, tí Underwood yà, kò ríbi sá sí: ó jó ní 1932, èyí tí wọ́n tún kọ́ sójú rẹ̀ sì jó ní July 2025.