Àṣẹ Òbí Lórí Ilẹ̀ Ọmọ: Láti Inú Àṣà Dé Òfin 1978

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí i ní ilẹ̀ Yorùbá yòókù, ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Lábẹ́ àṣà, aya kì í jogún ọkọ. Ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu fìdí èyí múlẹ̀ ní 1957. Nítorí náà, opó tí ń tọ́ ọmọ kò ní àṣẹ láti ta ilẹ̀ náà. Baálé pàápàá kò gbọdọ̀ dá a tà: ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 fi hàn pé bí àwọn àgbà ẹbí tí kò fọwọ́ sí i bá tètè pẹjọ́, kóòtù lè fagi lé títà náà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ 1978 gba ọ̀nà mìíràn. Gómìnà kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀, àfi nípasẹ̀ alágbàtọ́ tí a yàn fún un. Olùtọ́jú ni alágbàtọ́, kì í ṣe onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè tètè pẹjọ́. Bí ẹbí bá ti tú ká, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ààbò àtijọ́ ti já.