Ara Le, Àyà Le

Bí àwa Yorùbá bá pàdé, a máa ń bi ara wa pé, ‘Ṣé ara le?’ Ẹni tí a bi yóò dáhùn pé, ‘Ara le, a dúpẹ́.’ Láti ara ìkíni yìí ni ọ̀rọ̀ náà ‘ìlera’ ti rọrùn láti yé wa. Ṣùgbọ́n ‘le’ kan náà ni a ń lò nígbà tí ìyà bá ń jẹ ìlú. A ó ní nǹkan le. Ẹni tí kò bá ṣàánú ọmọnìkejì rẹ̀, a ó ní ó fi ọwọ́ líle mú un. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe jẹ́ àdúrà, tí ó tún jẹ́ ẹ̀sùn?

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣíwájú wọn, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884, bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, àyà Fáráò le, kò sì jẹ́ kí àwọn ẹrú rẹ̀ lọ. Nínú ìwé Jóṣúà, Ọlọ́run ní kí Jóṣúà mú àyà le. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí, mo rò pé àìtó ọ̀rọ̀ ni ó fà á. Àṣìṣe ni mo ṣe. Èdè Hébérù pàápàá ní ọ̀rọ̀ kan, ‘ḥazaq’, tí ó wà nínú ìtàn méjèèjì: ó sọ ti Fáráò, ó sì gba Jóṣúà níyànjú.

Mo sì máa ń ronú nípa Crowther fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí a lè kọ́ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àyà tí ó le láti de ènìyàn àti àyà tí ó le láti fara da ìdè, bí kì í bá ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ‘le’ nìkan kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn. Ibi tí líle náà dojú kọ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń yin olórí kan lónìí pé ó le, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó le sí?