Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá: Ohun tí Orúkọ Ilẹ̀ Ń Sọ

Ilé ni Yorùbá ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá di ti àdúgbò, wọn a wo ilẹ̀, wọn a sì wo omi. Èyí hàn gbangba ní Ajégúnlẹ̀, àdúgbò ńlá tí ó kángun sí èbúté Àpápá ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọkọ̀ ojú omi tí ó bá dé èbúté ni a ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Ajégúnlẹ̀ túmọ̀ sí pé ajé ti dé, ó ti gòkè odò. Kí àlejò tí kò rí àmì ohùn lára pátákó ojú ọ̀nà má ṣe kà á sí àjẹ́. Lọ́dọ̀ onífá, Ajé ju owó lọ. Òrìṣà ni, ọmọ Olókun ni à ń pè é, òun ni ó sì ni Ọjọ́ Ajé. Abájọ tí orúkọ yìí fi wà ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá: àdúrà ni àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó ń gbà.

Ní ti Àpápá, ìtàn Èkó sọ pé Ọlọ́fin pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ni baba ńlá àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìdílé Olóyè Olúwa ni ilẹ̀ Àpápá bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, tí ó jẹ́ Olóyè Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó ní ẹ̀tọ́ ìṣàkóso nìkan ni ó ní. Olóyè náà kò gbà. Ní 1920, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣúgbàyí lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre. Wọ́n ní àwùjọ tí olóyè ń ṣojú fún ni ó ni ilẹ̀, kí ìjọba sì san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó gba odindi ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Nígbà tí ó di 1926, ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin ti wà níbẹ̀. Àwọn òpópónà Àpápá gba orúkọ bíi Wharf Road àti Liverpool Road. Ibi tí Àpápá ti pààlà pẹ̀lú Ajégúnlẹ̀ ń jẹ́ Boundary títí di òní. Ní òdìkejì ààlà yìí ni Ìlàjẹ, Ìgbò, Urhobo, Ijaw àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń gbé, púpọ̀ nínú wọn nítorí iṣẹ́ èbúté.

Lójoojúmọ́ ni ẹrù ń gúnlẹ̀ ní Àpápá. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀, omi ṣì ń wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀. Àdúrà tí ó wà nínú orúkọ náà kò tíì gbà tán. Ẹni tí ó bá ń pe orúkọ náà níbi ọdún Ifá yìí, kí ó mọ̀ pé àdúrà ni òun ń ṣe.

Kí Ajé gúnlẹ̀ sílé gbogbo wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.