Charles J. Pedersen

Charles John Pedersen (3 Oṣù Kẹwàá, 1904 – 26 Oṣù Kẹwàá, 1989) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣàwárí àwọn mólékùlù tí a mọ̀ sí crown ether. Àwárí yìí wà lára ìpìlẹ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ tí à ń pè ní supramolecular chemistry, èyí tí ó ń ṣàlàyé bí mólékùlù kan ṣe ń dá òmíràn mọ̀, tí ó sì ń fà á mọ́ra láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì di mólékùlù kan ṣoṣo. Ní ọdún 1987, Pedersen gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́místrì pẹ̀lú Jean-Marie Lehn àti Donald J. Cram. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n gba ẹ̀bùn náà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láìní oyè ọ̀mọ̀wé.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Pedersen ní ìlú Busan ní Kòríà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Nagasaki, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yokohama. Ní ọdún 1922, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Dayton ní Ìpínlẹ̀ Ohio. Ó gba oyè kejì nínú kẹ́místrì ní Massachusetts Institute of Technology. Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó ṣì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó sì ń wù ú láti máa jẹun nínú òógùn ara rẹ̀. Ní ọdún 1927, ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 42 kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1969.

Àwárí crown ether

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Pedersen ń wá èròjà tí yóò lè di fanédíọ̀mù mú. Ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí ó lò kò mọ́ tó, nítorí pé catechol díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí òwú, tí kò ju ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe ohun tí ó ń wá nìyí, ṣùgbọ́n kò dà á nù.

Ó ṣàkíyèsí pé nǹkan náà kì í fẹ́ yòrò nínú methanol, àfi tí a bá fi èròjà tí ó ní sódíọ̀mù sí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé mólékùlù náà jẹ́ òrùka, tí áyọ́nù sódíọ̀mù sì ń jókòó sí àárín rẹ̀. Átọ̀mù 18 ni ó yí òrùka náà ká. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ọ́ksíjìn, àwọn ni wọ́n sì ń fa áyọ́nù náà mọ́ra. Pedersen pe irú mólékùlù báyìí ní crown, ìyẹn adé, nítorí pé ó rí bí adé, a sì lè dé e sórí áyọ́nù kí a tún ṣí i kúrò láìsí pé ọ̀kankan bàjẹ́.

Bí adé kò ṣe bá gbogbo orí mu, bẹ́ẹ̀ náà ni òrùka kọ̀ọ̀kan ní áyọ́nù tí ó bá a mu: 12-crown-4 bá lítíọ̀mù mu, 15-crown-5 bá sódíọ̀mù mu, 18-crown-6 sì bá pòtásíọ̀mù mu. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí iye átọ̀mù inú òrùka, èkejì sì ń tọ́ka sí iye ọ́ksíjìn. Pedersen tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1967.

Ipa àti Ẹ̀bùn Nobel

Ṣáájú àkókò yìí, ó ṣòro láti rí èròjà àtọwọ́dá tí ó lè di sódíọ̀mù tàbí pòtásíọ̀mù mú dáadáa. Pẹ̀lú crown ether, iyọ̀ tí kì í yòrò nínú benzene bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò nínú rẹ̀. Lehn, ní Strasbourg, sọ òrùka náà di àgò tí ó yí áyọ́nù ká níhà gbogbo, ó sì pè é ní cryptand. Cram, ní Los Angeles, ṣe àwọn mólékùlù tí ó ti ní ààyè sílẹ̀ fún àlejò wọn; òun ni ó fi àjọṣe yìí wé ti olùgbàlejò àti àlejò.

Ẹni ọdún 83 ni Pedersen nígbà tí ó gba ẹ̀bùn náà, ọdún 18 lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó kú ní ìlú Salem, ní Ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ọdún 1989.